Níbo ni Ilé Náà Wà? Àlàyé lórí Àwọn Òpó Abẹ́ Ilẹ̀ Wa

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé wa kiri. A gbọ́ ọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, a gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí tí ó wá bẹ ọmọ wọn wò, a tilẹ̀ gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn pé: "Níbo ni ilé náà wà?" Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò rí páànù tí a fi yí ilẹ̀ iṣẹ́ náà ká. Bí ó bá yọjú wo inú rẹ̀, yóò rí ẹrẹ̀, yóò rí omi, yóò rí orí àwọn ọ̀pá irin tí ó yọ síta nínú ilẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí ògiri kan ṣoṣo. Oṣù mẹ́sàn-án sì rèé tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó tí ẹ dá tí a ti ná. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé a ti jẹ ẹ́.

Inú ilẹ̀ ni owó náà wà. Ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ní kí a ṣàlàyé bí ó ṣe dé ibẹ̀ nínú ìwé àjọ̀dún yìí, kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. A kì í ṣe ẹnjiníà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni a ti lo ìgbà èwe wa. Èdè Gíríìkì àti ti Hébérù ni wọ́n kọ́ wa níbẹ̀, wọn kò kọ́ wa bí a ti ń díwọ̀n ẹrù ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, tí ó ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀ jíjìn, ti dúró tì wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì ń kọ́ wa bí ẹni tí ń kọ́ ọmọdé ní ABD. Ohun tí ó bá tọ̀nà nínú àlàyé yìí, tirẹ̀ ni. Èyí tí ó bá wọ́, tiwa ni.

Àwọn tí ó wà níhìn-ín ní nǹkan bí ọdún 1975 kò ní gbàgbé yàrá sáyẹ́ǹsì àtijọ́. Ilé náà kò tí ì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí a wọ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dára ní wíwò. Kí a tó jáde, ilẹ̀kùn rẹ̀ méjì kò ṣeé tì mọ́. Bí a bá gbé péńsù róbótó sórí tábìlì, yóò yí lọ sí ìhà ọ̀sà fúnra rẹ̀. Àwa ọmọdé a máa fi í ta tẹ́tẹ́, a kò sì mọ̀ pé ohun tí a ń fi ṣeré ni yóò wó ilé náà. Ní gbogbo ìgbà ìsinmi ni bíríkìlà ń fi sìmẹ́ńtì dí ibi tí ògiri ti sán, ní gbogbo ìgbà tí a bá padà dé ni ó tún ti lanu. Nígbẹ̀yìn, wọ́n wó o. A gbọ́ nígbà náà pé ẹni tí ó kọ́ ọ jí sìmẹ́ńtì. Nísinsìnyí tí a ti mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn, a rò pé a ṣẹ̀ ẹ́. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dára, irin rẹ̀ pé. Ilẹ̀ ni kò wádìí.

Àbàtà ni apá ìsàlẹ̀ ọgbà wa, kí àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tó da yanrìn sí i. Lábẹ́ yanrìn tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, ẹrọ̀fọ̀ dúdú kan wà tí ó kún fún ewé àti gbòǹgbò tí kò tí ì jẹrà tán. Ó rí bí kànrìnkàn tí ó mu omi yó. Bí a bá gbé ẹrù lé kànrìnkàn, omi yóò máa jáde lára rẹ̀, yóò sì máa sún kì. Ti ẹrọ̀fọ̀ yìí kò yàtọ̀, àfi pé omi rẹ̀ a máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí gbogbo ilé bá rì ní ìwọ̀n kan náà, ìyọnu rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ kì í nípọn bákan náà níbi gbogbo. Bí ìhà kan bá rì ní ìwọ̀n ìka kan tí èkejì sì rì ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, àárín ni ògiri yóò ti ya. Bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ etí ọ̀sà ní Èkó ti rí nìyẹn: yanrìn lókè, ẹrọ̀fọ̀ àti amọ̀ rírọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí a tó dé yanrìn tí ó ki.

Ilé tí a ń kọ́ báyìí jẹ́ alájà mẹ́rin. Yàrá sáyẹ́ǹsì mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ilé ìkàwé wà nínú rẹ̀, ìwé sì wúwo ju bí ènìyàn ti rò lọ. Kò sí bí a ṣe lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ lé orí kànrìnkàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni pé kí a ri òpó láti ojú ilẹ̀, kí ó gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, kí ó dé ibi tí ilẹ̀ ti lè gbé ẹrù. Òpó wọ̀nyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páìlì.

Ní ti àpèjúwe ọkùnrin méjì tí ó kọ́lé, inú Mátíù ni a ti máa ń wàásù rẹ̀ jù. Lúùkù ni ó fi kún un pé ọkùnrin ọlọ́gbọ́n náà walẹ̀ jìn. A ti wàásù lórí ibẹ̀ kò mọye ìgbà, a kò sì bi ara wa léèrè rí pé oṣù mélòó ni ó fi walẹ̀, tàbí ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń sọ nígbà tí èkejì ti kan òrùlé.

Owó tí a kọ́kọ́ ná ni èyí tí ó fa àríyànjiyàn jù lọ. Ẹnjiníà ní kí a lu ihò mẹ́rin sínú ilẹ̀ láti wádìí rẹ̀, kí a sì dí wọn padà. Ìgbìmọ̀ ráhùn, a jẹ́wọ́ pé ohùn tiwa wà nínú ìráhùn náà. Àwọn kan ní ihò kan tó, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni. Ọ̀rẹ́ wa kò bá wa jà. Ó kàn ní kí a wá dúró tì í ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ní ìdán kankan nínú. Wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró, wọ́n lu ihò tí kò fẹ̀ ju ẹnu ìkòkò kékeré lọ. Bí wọ́n bá ti dé ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́, wọn a sọ ọ̀pá kan kalẹ̀ tí páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo wà ní ìdí rẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí òòlù tí ó wúwo ní kílógíráàmù 63.5 máa já bọ́ lé e lórí láti gíga mìlímítà 760. Ìwọ̀n òòlù yìí àti gíga tí ó ti ń já bọ́ kò gbọdọ̀ yàtọ̀, ibi yòówù kí a ti ṣe é ní àgbáyé, kí a lè fi ilẹ̀ kan wé òmíràn. Wọn kò ka mìlímítà 150 àkọ́kọ́ tí páìpù bá wọlé sí, nítorí pé ẹ̀rọ ti da ojú ibẹ̀ rú. Mìlímítà 300 tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ń kà: ẹ̀ẹ̀melòó ni òòlù já bọ́ kí páìpù tó wọ ibẹ̀ tán? Bí iye náà bá kéré, ilẹ̀ rọ̀. Bí ó bá pọ̀, ilẹ̀ le. Lẹ́yìn náà, wọn a fa páìpù jáde, wọn a kó erùpẹ̀ inú rẹ̀ sínú ọ̀rá, wọn a kọ ìwọ̀n jíjìn rẹ̀ sára rẹ̀, wọn a sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ní mítà 5, òòlù kò rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀pá náà rì fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí a ki ṣíbí bọ inú ògì. Nígbà tí wọ́n fa páìpù jáde, òórùn rẹ̀ lé àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sẹ́yìn. Ó dé mítà 11 kí a tó rí yanrìn, yanrìn náà kò sì dì. Mítà 20 ni a tó dé ibi tí òòlù ti já bọ́ ju ìgbà 30 lọ kí páìpù tó wọlé tán. Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n lu ihò náà kọjá ibi tí ẹsẹ̀ òpó lè dé, nítorí pé ilẹ̀ líle le fẹ́lẹ́ bí àkàrà, kí ẹrọ̀fọ̀ mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ihò kẹrin ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Níbẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ dúdú náà fi mítà mẹ́ta nípọn ju ti àwọn mẹ́ta yòókù lọ. Ìhà ọ̀sà ni, níbi tí péńsù wa máa ń yí lọ.

Báwo ni òpó ṣe ń gbé ilé? Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó fi tẹ ilẹ̀ líle bí ẹsẹ̀ àga ti ń tẹ ilẹ̀pẹpẹ. Èyí yé gbogbo ènìyàn. Èkejì ni ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wú gbáàgúdá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí a ń sọ: kì í ṣe pé gbáàgúdá náà wúwo, ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó dì í mú. Bákan náà ni ilẹ̀ tí ó yí òpó ká ṣe ń dì í mú kí ó má baà rì. Ilé Burj Khalifa ní Dubai, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 828, dúró lórí nǹkan bí igba òpó tí a lu ilẹ̀ fún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní mítà 1.5, ó sì gùn ju mítà 40 lọ. Àpáta abẹ́ rẹ̀ kò le púpọ̀, nítorí náà dídì tí ilẹ̀ di ara òpó mú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé sì gbọ́dọ̀ tó ẹrù náà. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí ilé gogoro alájà 58 kan tí a ń pè ní Millennium Tower ní ọdún 2009. Òpó kọnkéré tí a fi òòlù gbá wọlé ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀. Orí yanrìn ni wọ́n dúró lé, wọn kò dé àpáta. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2016, gbogbo ayé ti gbọ́ pé ilé náà ti rì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40, ó sì ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òpó méjìdínlógún ni wọ́n tún rì sí etí rẹ̀ lẹ́yìn náà, títí dé àpáta, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́. Àpáta kò sí nítòsí wa ní etí òkun níhìn-ín. Ó jìn ju ohun tí ẹ̀rọ ìkọ́lé lè dé lọ. Yanrìn dídì ni a ní, òun náà sì tó, bí a bá mọ ìwọ̀n agbára rẹ̀ kí a tó gbé ẹrù lé e. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń kọjá lórí afárá Third Mainland, tí a parí ní ọdún 1990. Òpó tí a rì sí abẹ́ ọ̀sà ni ó gbé e dúró.

Ọ̀pọ̀ ti béèrè pé kí ló dé tí a kò fi òòlù gbá òpó wọlé, nítorí pé ó yá, ó sì lè dín owó kù. Irú òpó bẹ́ẹ̀ dára ní ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn wa kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, ògiri rẹ̀ sì ti darúgbó. Ohun tí ó bà wá lẹ́rù yìí ti ba àwọn ẹlòmíràn lẹ́rù rí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé Stock Exchange ní ìlú Chicago ní nǹkan bí ọdún 1893, ilé ìwé ìròyìn Herald wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò sì lè fara da ìmìtìtì òòlù. Ẹnjiníà William Sooy Smith ni ó dámọ̀ràn pé ní ìhà náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ gbẹ́ kànga sínú amọ̀ rírọ̀ Chicago, kí wọ́n máa fi pákó gbé ògiri rẹ̀ ró bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, títí wọn yóò fi dé amọ̀ líle, kí wọ́n sì fi kọnkéré dí i. Inú kànga bẹ́ẹ̀ ni òpó tiwa ti ṣẹ̀ wá. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń gbẹ́ ẹ, kò sí ẹnìkan tí ń wọ inú ihò.

Òpó 36 ni a ṣètò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 800, ó sì gùn ní mítà 26. A béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ 26, nígbà tí ilẹ̀ ti le láti 20. Ẹnjiníà ní ẹrọ̀fọ̀ náà kò tí ì sinmi; ó ṣì ń rì lábẹ́ yanrìn tí a dà lé e lórí. Bí ó ti ń rì, ó ń rọ̀ mọ́ ara òpó, ó sì ń fà á sísàlẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ilẹ̀ òkè yẹn kì í ṣe olùrànlọ́wọ́. Ẹrù ni, àfikún sí ẹrù ilé, ìsàlẹ̀ sì ni yóò gbé méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọjọ́ iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀rọ tí ń lu ilẹ̀ kọ́kọ́ ti páìpù irin ńlá wọ inú ẹrọ̀fọ̀, kí ẹrọ̀fọ̀ má baà ya dí ihò. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ inú páìpù náà, ó kọjá ìdí rẹ̀, ó wọ inú yanrìn. Yanrìn tí ó wà nínú omi kì í dúró. Bí a bá gbẹ́ ẹ, yóò ya lulẹ̀. Ohun tí wọ́n fi dá a dúró yà wá lẹ́nu. Wọ́n po amọ̀ lẹ́búlẹ́bú kan tí a ń pè ní bẹ́ńtónáìtì mọ́ omi, wọ́n sì dà á kún inú ihò. Lójú wa, ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dà padà sínú ihò tí a fi owó gbẹ́. Àṣé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Omi amọ̀ náà wúwo ju omi lásán lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ojú rẹ̀ ga ju ojú omi inú ilẹ̀ lọ, yóò máa ti ògiri ihò síta, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọn bí awọ fẹ́lẹ́, yanrìn kò sì ní lè ya. Ọmọkùnrin kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo ojú omi amọ̀ náà, kí ó má lọ sílẹ̀.

Nígbà tí ihò bá pé mítà 26, wọn a sọ okùn tí a so irin mọ́ kalẹ̀ láti yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí irin náà bá kan ilẹ̀ gbà, ìdí ihò mọ́. Bí ó bá kan ilẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ń tẹ ìrọ̀rí, iyẹ̀pẹ̀ ti rọ̀ síbẹ̀, wọn a sì tún un kó. Ọ̀rẹ́ wa fún wa ní okùn náà mú; lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ọwọ́ wa ti mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Òpó tí ó dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ kò tí ì dé ilẹ̀, bí ó ti wù kí ó gùn tó.

Àgò irin ni ó tẹ̀lé e, tí a hun sílẹ̀ lórí ilẹ̀ bí àgò adìyẹ gígùn gbọọrọ, tí a sì fi kíréènì sọ kalẹ̀. Wọ́n fi àwọn róbótó kọnkéré sí ara rẹ̀, kí ó má baà fara kan ògiri ihò. Kọnkéré tí yóò bo irin gbọ́dọ̀ nípọn ní mìlímítà 75, nítorí omi ọ̀sà oníyọ̀ tí yóò máa wá ọ̀nà dé ibi tí irin wà láti dípẹtà sí i lára.

Kọnkéré ni ó kù. Èyí ni ibi tí ohun gbogbo ti lè bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A kò lè da kọnkéré láti òkè sínú omi amọ̀. Sìmẹ́ńtì yóò ṣàn lọ, òkúta yóò dá wà. Páìpù gígùn kan ni wọ́n ń sọ kalẹ̀ títí dé ìdí ihò, inú rẹ̀ ni kọnkéré ń gbà. Ó ń jáde ní ìsàlẹ̀, ó ń ga sókè, ó sì ń gbé omi amọ̀ níwájú rẹ̀ títí yóò fi tú u jáde lẹ́nu ihò. Kọnkéré náà kò gbọdọ̀ le bí èyí tí a fi ń da dẹ́kì. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, kí ó lè yí irin ká fúnra rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ lọ gún un. Bí ó ti ń ga ni wọ́n ń fa páìpù sókè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ máa wà nínú kọnkéré ní mítà méjì tàbí mẹ́ta nígbà gbogbo. Bí ó bá yọ jáde pẹ́rẹ́n, omi amọ̀ yóò wọ àárín, òpó yóò sì di méjì nínú ilẹ̀.

Ìṣirò kan wà tí ó rọrùn, òun sì ni ó gbà wá. Òpó tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 800 ń gba ìdajì kúbíìkì mítà kọnkéré ní mítà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá kó kúbíìkì mítà 6 wá gbọ́dọ̀ gbé ojú kọnkéré sókè ní nǹkan bí mítà 12. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ihò náà ti fẹ̀ níbìkan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ ti ya wọ inú rẹ̀, òpó náà ti tín-ín-rín níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹnjiníà, ni a fi sí ìdí wíwọn yìí. Ó ń sọ okùn kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Òpó kẹtàdínlógún ni a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí pé ẹ ti gbọ́ ọ ní onírúurú ọ̀nà. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ti ṣètò láti da á, nígbà tí ojú ọ̀nà máa ń dá. Àwa ìgbìmọ̀ ni a ní kí wọ́n da á ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nítorí eré ìdárayá ọdọọdún tí yóò wáyé ní ọjọ́ kejì. A kò fẹ́ kí àwọn àlejò bá ẹ̀rọ àti ọkọ̀ nínú ọgbà. Ẹnjiníà kìlọ̀ fún wa. A ní kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ méjì àkọ́kọ́ dé. Ẹ̀kẹta há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Kọnkéré inú ihò bẹ̀rẹ̀ sí í le, páìpù fẹ́ há sínú rẹ̀, alábòójútó iṣẹ́ sì ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà há. Ojú ni ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹnu páìpù yọ. Nígbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n da ìyókù, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bá ìṣirò mu. Ó fi hàn wá. Nígbà tí ọjọ́ dídán wò pé, wọ́n so ohun kékeré kan tí ń gba ìró mọ́ orí òpó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi òòlù ọwọ́ lù ú. Ìró náà a máa sáré gba inú kọnkéré lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí mítà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a kan ìdí òpó, a sì padà wá. Ní ti àwọn òpó yòókù, ó lọ dé ìdí kí ó tó padà. Ní ti kẹtàdínlógún, ó padà láti nǹkan bí mítà 9.

Ìpàdé ọjọ́ yẹn gùn. Agbaṣẹ́ṣe ní ọ̀kan ni nínú 36, pé àwọn yòókù yóò gbé e. Àwọn kan nínú wa rò pé kí a má sọ ọ́ síta. Owó ti ń tán, ẹnikẹ́ni kò sì ní wú ilẹ̀ wò láéláé. Ọ̀rẹ́ wa mú àwòrán ilé náà jáde. Òpó méjì péré ni ó wà lábẹ́ òpó ilé ìkàwé ní igun yẹn. Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin àlùfáà, èwo nínú àwọn ọmọ yìí ni kí n sọ fún pé kí ó má jókòó síbẹ̀?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn.

A pa òpó náà tì. Méjì mìíràn ni a lù sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, a sì mú kí kọnkéré tí yóò so wọ́n pọ̀ lórí tóbi sí i. Agbaṣẹ́ṣe san ìdajì owó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ san ìdajì, nítorí pé àwa ni a yí ọjọ́ padà. Àwa tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ni a dá ìdajì náà láàárín ara wa, kò sí nínú owó tí ẹ dá. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó gbà, ó sì wà lára ìdí tí ẹ kò fi tí ì rí ògiri. Láti ìgbà náà, wọn kò da òpó kankan àfi ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ mẹ́ta náà sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọgbà kí àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà.

Lẹ́yìn èyí, a yan òpó kan, a to búlọ́ọ̀kù kọnkéré lé pẹpẹ irin lórí rẹ̀, a sì fi ìwúwo wọn tẹ òpó náà títí ó fi gbé ẹrù tí ó jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ èyí tí ilé yóò gbé lé e. Òru ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó tì í, tí wọ́n ń ka ohun ìwọ̀n tí ó lè rí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ó rì ní mìlímítà díẹ̀. Nígbà tí a gbé ẹrù kúrò, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sókè. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí mìlímítà.

Ariwo tí ó da ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹta láàmú ní oṣù tí ó kọjá, a tọrọ àforíjì fún un. Orí òpó ni wọ́n ń fọ́. Kọnkéré tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu páìpù ni ó ń ga lọ sókè jù, ó ti da pọ̀ mọ́ omi amọ̀, kò sì ní agbára. Nítorí náà wọ́n máa ń da òpó ga kọjá ibi tí ó yẹ, kí wọ́n lè gé èyí tí kò dára kúrò. Irin tí ẹ rí tí ó yọ jáde ni ìyókù rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré tí ń so orí òpó pọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ìtì kọnkéré tí yóò so àwọn ọ̀wọ́ náà mọ́ ara wọn ni ó kàn.

Ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ wà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ojú ìwé kan ni ó wà fún òpó kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dà á, bí ó ti jìn tó, iye ọkọ̀ tí ó gbà, àti orúkọ ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ojú ìwé kẹtàdínlógún ní ìlà pupa. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá fẹ́ kà á lè béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti parí ìsìn òwúrọ̀.